Iná epo tàn nínú ọkọ̀ háíbírìdì: kìlómítà mélòó ló kù gan-an?

Arìnrìnàjò Òru

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ nídìí háíbírìdì, ọkọ̀ tó ń lo bẹntiróòlù pẹ̀lú bátìrì ńlá, bá mi dá sí i.

Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú tó kọjá, mo ń ti ìrìnàjò bọ̀, àwọn ọmọ mi méjì ń sùn lẹ́yìn. Iná epo tàn. Ojú dáṣíbọ́ọ̀dù ní ó ku kìlómítà 62. Ilé epo tó kàn ò ju kìlómítà 40 lọ, ni mo bá fọkàn balẹ̀. Mo bọ́ sójú ọ̀nà márosẹ̀, mi ò tíì rìn ju kìlómítà 15 lọ tí 62 ti di 31. Mo pa rédíò. Mo pa ẹ̀rọ amúlétutù. Nígbà tí mo fi máa yà sí ilé epo, òdo ló wà níbẹ̀, ọwọ́ mi sì ń gbọ̀n lórí sítíárìn.

Mo ní kí wọ́n kún táǹkì títí pọ́ǹpù á fi já fúnra rẹ̀. Líta 44 ló gbà. Bẹ́ẹ̀, ìwé ọkọ̀ sọ pé líta 50 ni táǹkì mi ń gbà. Ṣé líta 6 ṣì wà níbẹ̀ nígbà tó ń kọ òdo sí mi lójú ni? Bó bá wà níbẹ̀, kí ló dé tó ń parọ́ fún mi? Ẹ̀kẹta: bátìrì ńlá ṣáà wà nínú rẹ̀. Ká ní epo tán pátápátá, ṣé bátìrì ò ní gbé mi dé ilé epo ni?

Bàbá Sípánà

Ọmọ mi, kú ewu ọ̀nà. A dúpẹ́ pé ìwọ àtàwọn ọmọ délé ní àlàáfíà.

Ìbéèrè tó o bi gbẹ̀yìn ni màá kọ́kọ́ dáhùn, torí òun ni mo ti rí i tó ń ba ọkọ̀ jẹ́ jù. Bátìrì háíbírìdì tí a kì í kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, má kà á sí táǹkì kejì rárá. Bẹntiróòlù kan náà yìí ló ń kún un. Ìwọ̀nba tí ọkọ̀ ń rí kó padà nígbà tó o bá tẹ bíréèkì, epo náà ló kọ́kọ́ fún ọkọ̀ ní eré tó ń gbà padà yẹn.

Jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bátìrì Prius àtijọ́, háíbírìdì Toyota, kò ju nǹkan bíi kílówáàtì-wákàtí 1.3 lọ (òun la fi ń wọn agbára iná), kọ̀ǹpútà kì í sì í jẹ́ kí ọkọ̀ lò tó ìdajì rẹ̀ tán kí bátìrì má baà tètè gbó. Líta bẹntiróòlù kan ní nǹkan bíi kílówáàtì-wákàtí 9 nínú. Bí ẹ́ńjìnnì tiẹ̀ fi ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ ṣòfò sínú ooru, èyí tó kù ṣì ju ìlọ́po mẹ́rin ohun tí bátìrì yẹn lè fún ọ lọ. Bó o bá fojú inú wo ife tí a fi ń mu omi, epo tó máa kún un ni gbogbo agbára tó wà nínú bátìrì rẹ. Kìlómítà kan, bóyá méjì, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, pẹ̀lú ìrìn jẹ́jẹ́. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le nìyí. Irú ọkọ̀ bíi Prius kò ní ṣítárítà tá a mọ̀ lára ọkọ̀ àtijọ́. Bátìrì ńlá yìí ló ń fún ẹ̀rọ iná inú gíà lágbára, ẹ̀rọ iná yẹn ló sì ń yí ẹ́ńjìnnì kó tó jí. Bátìrì kékeré 12V, jíjí kọ̀ǹpútà ni iṣẹ́ tirẹ̀. Bó o bá wá rin bátìrì ńlá gbẹ, kẹ́ẹ̀gì epo lè dé, kí ọkọ̀ má jí. Wáyà tí a fi ń ya iná lára ọkọ̀ mìíràn kò lè gbà ọ́, nítorí ọ̀dọ̀ bátìrì kékeré ló mọ.

Lọ́dún tó kọjá wọ́n fi ọkọ̀ agbọ́kọ̀ gbé Prius 2007 kan wá bá mi. Epo tán mọ́ ọ̀gá náà lọ́wọ́ nígbà tí ilé ti ń yọ lókèèrè. Bátìrì ṣì ń gbé e, ó ní òun á yọ́ ọ dé ẹnu géètì. Ó dé ẹnu géètì lóòótọ́, ibẹ̀ ló sì kú sí. Wọ́n da líta 10 sí i, kò jí. Nígbà tí mo fi ẹ̀rọ yẹ̀ ẹ́ wò, P3193 ló kọ́kọ́ yọ, ìyẹn ni pé epo tán. P3191 tẹ̀lé e, ìyẹn ni pé ẹ́ńjìnnì kọ̀, kò jí. Ọjọ́ mẹ́ta la fi tú bátìrì yẹn sílẹ̀ tí à ń rọra ṣáàjì rẹ̀. Gbogbo ìyẹn nítorí ìrìn tí kò ju ká fi ẹsẹ̀ rìn ín lọ.

Gbogbo háíbírìdì kọ́ ló rí bákan náà o. Honda Insight àkọ́kọ́ tó jáde ní 1999 ní ṣítárítà 12V tó lè jí ẹ́ńjìnnì bí bátìrì ńlá bá rẹ̀ ẹ́. Nissan e-POWER ní tirẹ̀, ẹ́ńjìnnì ibẹ̀ kì í yí táyà rárá, iná ló ń pèsè fún ẹ̀rọ tó ń yí i. Bí epo bá tán nínú èyí, ìwọ̀nba ohun tó ṣẹ́ kù nínú bátìrì ni gbogbo ìrìn tó kù.

Ọmọ Awakọ̀

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n dẹ́rù bà yín jù. Ọdún mẹ́sàn-án rèé tí mo ti ń wa háíbírìdì. Òdo yẹn ò ṣe mí ní nǹkan kan rí. Mo máa ń rìn tó kìlómítà 50 lẹ́yìn rẹ̀.

Ìyá Oníṣirò

Ọmọ Awakọ̀, mi ò bá ọ jiyàn pé o rin 50. Ṣùgbọ́n 50 yẹn, ti ọkọ̀ rẹ ni, lójú ọ̀nà tìrẹ, pẹ̀lú ẹsẹ̀ tìrẹ. Bí arábìnrin yìí bá gba ọ̀rọ̀ rẹ bí ìlérí, òun àti ọmọ méjì ni yóò dúró sínú òkùnkùn.

Arìnrìnàjò Òru, ọkọ̀ rẹ kò parọ́ fún ọ. Ohun méjì péré ló mọ̀. Ó mọ ibi tí epo ga dé nínú táǹkì: ike kan ń léfòó lórí epo, ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan dì í mú, bí ike náà ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ni géèjì ń sọ̀ kalẹ̀. Ó sì mọ iye epo tí òun ń jẹ láìpẹ́ yìí. Ó fi èyí pín tọ̀hún, ó wá kọ èsì rẹ̀ síwájú rẹ. Kò mọ̀ pé o fẹ́ bọ́ sójú ọ̀nà márosẹ̀. Kò mọ̀ pé òkè wà níwájú.

Háíbírìdì ni ọ̀rọ̀ yìí sì kàn jù. Ọkọ̀ tí kì í ṣe háíbírìdì máa ń jẹ epo gan-an láàárín ìlú, ó sì máa ń dín in kù tó bá jáde síta. Tiwa yí padà. Láàárín ìlú tí a ti ń dúró tí a tún ń lọ, bátìrì ń bá ẹ́ńjìnnì gbé e, bíréèkì ń kó agbára padà, epo kì í sì í tètè lọ. Bó o bá wá jáde sójú ọ̀nà tí a ti ń sáré, kò sí bíréèkì tó ń kó nǹkan kan padà mọ́, ẹ́ńjìnnì nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Iye kìlómítà tí kọ̀ǹpútà fi ìrìn inú ìlú ṣírò yóò wá máa já wálẹ̀ bí omi tó ń jò.

Jẹ́ ká fi ọjọ́ Àìkú rẹ ṣe é. Ká ní líta 4.2 ni ọkọ̀ rẹ ń jẹ fún kìlómítà 100 kó o tó bọ́ síta. Kìlómítà 62 tó kọ fún ọ, epo líta 2.6 ló fi ṣírò rẹ̀. Lójú ọ̀nà márosẹ̀, ká ní ó gòkè sí 6.3. Líta 2.6 kan náà yẹn, kìlómítà 41 ni yóò gbé ọ. O sì rin 40, o bá òdo. Kò sí àṣìṣe kankan nínú ìṣirò náà, ìwọ lo yí ọ̀nà padà mọ́ ọn lọ́wọ́.

Líta 6 tó ń dà ọ́ láàmú, òun ni wọ́n fi sí abẹ́ òdo. Òdo ojú dáṣíbọ́ọ̀dù kì í ṣe òdo inú táǹkì. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ pa ìwọ̀nba mọ́ síbẹ̀ fún ọjọ́ tí ìṣirò bá yẹ̀.

Ohun kan tún kù tó yẹ kí n sọ fún ọ gẹ́gẹ́ bí ìyá. Pípa rédíò kò ṣe nǹkan kan. Pípa ẹ̀rọ amúlétutù ràn ọ́ lọ́wọ́ díẹ̀, torí iná bátìrì ló ń jẹ, ẹ́ńjìnnì ló sì máa dá a padà. Ẹsẹ̀ rẹ gan-an ló yẹ kó o mú kúrò. Agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń ta ko ọkọ̀ lórí eré kìlómítà 120 ní wákàtí kan súnmọ́ ìlọ́po méjì èyí tó fi ń ta kò ó lórí 90. Bí iná epo bá tàn lójú ọ̀nà eré, bọ́ sí apá ibi tí àwọn ọkọ̀ ńlá ń gbà, kó o sì rọra máa lọ.

Bàbá Sípánà

Ìyá Oníṣirò, ẹ kú iṣẹ́, ẹ ṣe é yé. Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi lé e, kí ẹnikẹ́ni má baà ka líta 6 yẹn sí owó tó wà lọ́wọ́.

Pọ́ǹpù epo tó wà nínú táǹkì ọkọ̀ ń gbé inú epo ni. Epo tó yí i ká ló ń tù ú lára. Bí epo bá lọ sílẹ̀ tí o sì ń rìn bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, pọ́ǹpù á máa gbóná, ọjọ́ ayé rẹ̀ á máa dín kù. Ó tún ku ti afẹ́fẹ́: epo tó ṣẹ́ kù á máa dà síhìn-ín dà sọ́hùn-ún nígbà tó o bá yà ní kọ́nà, pọ́ǹpù á gbé afẹ́fẹ́ mì dípò epo, ẹ́ńjìnnì á gbọ̀n rìrì. Bí ó bá ń jó ní àjódúró bẹ́ẹ̀, epo tí kò jó tán á gba sálẹ́ńsà jáde, á lọ jó sínú kàtálísítì tó ń fọ èéfín ọkọ̀ mọ́, ooru ibẹ̀ á sì bà á jẹ́. Kàtálísítì sì wọ́n ju táǹkì epo púpọ̀ lọ, níbikíbi tó o bá ń gbé.

Ọ̀rọ̀ pé ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ táǹkì ló ń wọ ẹ́ńjìnnì bí epo bá lọ sílẹ̀, mo máa ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Ìsàlẹ̀ ni pọ́ǹpù ti ń fa epo látọjọ́ tí wọ́n ti gbé e wọlé, táǹkì ì báà kún, ì báà gbẹ. Ooru àti afẹ́fẹ́ ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù.

Ará Orí Òkè

Àwa tá à ń gbé lágbègbè olókè, ẹ fi èyí sọ́kàn: ẹ má ṣe gba géèjì gbọ́ bí ọkọ̀ bá dúró sórí ìdagẹ̀rẹ̀. Ike tí Ìyá Oníṣirò sọ yẹn, bí epo bá ṣàn lọ sápá kan, ó lè ga ju bó ṣe yẹ lọ tàbí kó rẹlẹ̀. Mo ti rí i tí iná epo tàn nígbà tí mo ń gun òkè, tó tún kú nígbà tí mo dé ilẹ̀ títẹ́jú. Èyí tó tàn lórí ilẹ̀ títẹ́jú tí kò kú mọ́ ni mo máa ń gbà gbọ́.

Òtútù náà ń jẹ epo. Bí ojú ọjọ́ bá tutù gan-an, ẹ́ńjìnnì á máa ṣiṣẹ́ kí inú ọkọ̀ lè móoru, kódà níbi tí ọkọ̀ dúró sí. Iye tí ẹ mọ̀ nígbà ooru kò wúlò nígbà òtútù.

Àgbà Prius

Mo ti wà nídìí ọkọ̀ yìí tipẹ́. Prius jáde ní Japan ní oṣù Kejìlá ọdún 1997, ti 2005 ni mo kọ́kọ́ ní. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ní Prius ìran kejì, ìyẹn 2004 sí 2009, tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má lo ìmọ̀ràn ẹnikẹ́ni nípa iye líta tó kù. Àpò rọ́bà kan wà nínú táǹkì yẹn. Wọ́n fi síbẹ̀ kí ooru epo, ìyẹn epo tó ti di bí afẹ́fẹ́, má baà máa fò jáde síta: bí epo bá ń dín kù, àpò á máa fún mọ́ra. Ọgbọ́n tó dára ni, ṣùgbọ́n nígbà òtútù rọ́bà náà á le, kò ní nà dáadáa, epo tó sì máa gbà á dín kù. Líta 45 ni wọ́n kọ sínú ìwé. Mo ti kún un lówùúrọ̀ olótùútù tí kò gbà ju 34 lọ, tí iná epo sì ti ń ṣẹ́jú kí n tó débẹ̀. Nínú irú táǹkì bẹ́ẹ̀, kó o fi 34 yọ kúrò nínú 45 kó o wá ní o ṣì ní líta 11, ẹ̀tàn gbáà ni. Láti ìran kẹta tó bẹ̀rẹ̀ ní 2010 ni wọ́n ti yọ àpò náà kúrò.

Ẹ tún wo RAV4 Hybrid ti 2019 àti 2020. Líta 55 ni táǹkì rẹ̀, àmọ́ ọ̀pọ̀ olówó rẹ̀ ni kò rí i kún rí. Pọ́ǹpù á já kí ó tó kún, iye kìlómítà tí ojú dáṣíbọ́ọ̀dù ń kọ á sì kéré sí ohun tí wọ́n ń retí. Toyota fúnra rẹ̀ gbà pé ìrísí táǹkì ló fà á, wọ́n sì pààrọ̀ táǹkì fún àwọn tó kàn nígbà náà. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ ra èyí ní àlòkù, ẹ béèrè bóyá wọ́n ti ṣe àtúnṣe yẹn.

Plọ́ọ̀gì Tèmi

Ẹ̀yin tí ọkọ̀ yín ní plọ́ọ̀gì, ẹ̀yin náà ẹ máa gbọ́ o. Nǹkan méjì ni ojú dáṣíbọ́ọ̀dù wa ń kọ, ti bátìrì àti ti epo, àwọn mìíràn á sì ro méjèèjì pọ̀ sójú kan. Ti bátìrì ni kẹ́ ẹ máa wò lọ́tọ̀, ti epo lọ́tọ̀. Kìlómítà 300 tí wọ́n kọ lápapọ̀ lè jẹ́ pé 45 nínú rẹ̀, ìyẹn ti bátìrì, ti lọ kẹ́ ẹ tó dé ìta.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí táǹkì gbẹ nítorí pé ẹ̀ ń ṣáàjì nílé. Chevrolet Volt máa ń jí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kó má baà dógùn-ún, bí epo inú táǹkì bá sì ti pẹ́ tó ọdún kan, á jó o kúrò láìbéèrè. Bí ó bá fẹ́ ṣe èyí tí kò bá epo níbẹ̀, wàhálà dé. Outlander PHEV náà ń fẹ́ kí a máa da epo tuntun sí i láàárín oṣù mẹ́ta mẹ́ta.

Ẹni tó bá ní BMW i3 tó ní ẹ́ńjìnnì kékeré lẹ́yìn, táǹkì tirẹ̀ kéré gan-an, líta 9 péré. Àwọn ti Amẹ́ríkà tó kọ́kọ́ jáde tún kéré sí i ní lílò, kọ̀ǹpútà ò jẹ́ kó lò ju gálọ́ọ̀nù 1.9 lọ nínú 2.4, torí òfin ibẹ̀ tí kò fẹ́ kí ìrìn epo ju ìrìn iná lọ. Nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdajì táǹkì ni ìkìlọ̀ tèmi. Mi ò dúró de iná kankan.

Arìnrìnàjò Òru

Ọlọ́run á máa wà pẹ̀lú gbogbo yín. Ó ti ń yé mi. Mo wá rí i pé nọ́ńbà ẹlòmíì kò lè ṣe mí lóore. Ẹ jọ̀wọ́, báwo ni mo ṣe máa mọ tèmi gan-an, láìjẹ́ kí epo tán mọ́ mi lọ́wọ́?

Ìyá Oníṣirò

Ìwé kékeré kan àti bíírò ni ohun tó o nílò. Ìgbà mẹ́ta ni kó o ṣe é, má ṣe dúró lórí ẹ̀ẹ̀kan.

Kún táǹkì lórí ilẹ̀ títẹ́jú títí pọ́ǹpù á fi já nígbà àkọ́kọ́. Dúró síbẹ̀. Má ní kí wọ́n fi díẹ̀ kún un. Mo mọ̀ pé ó máa ń wu èèyàn kí nọ́ńbà rí rogodo, ṣùgbọ́n àpótí èédú kan wà tó ń gba ooru epo, epo tútù tí wọ́n bá fipá tì wọlé lè dà sínú rẹ̀ kó bà á jẹ́. Lẹ́yìn náà, máa wa ọkọ̀ rẹ lọ. Lọ́jọ́ tí iná epo bá tàn, ibi tí ilé epo súnmọ́ ni kó o wà o, má lọ ṣe é ní ọ̀nà jíjìn. Wọlé, kún un títí pọ́ǹpù á fi já lẹ́ẹ̀kan, kó o kọ iye líta tó gbà sílẹ̀.

Èyí tó bá tóbi jù nínú ẹ̀ẹ̀mẹta yẹn ni kó o lò, torí òun ló ń sọ ìgbà tí epo kéré jù lábẹ́ iná. Yọ ọ́ kúrò nínú iye tí ìwé ọkọ̀ kọ. Nínú èyí tó bá kù, yọ líta 2 sẹ́yìn fún èyí tí pọ́ǹpù lè má rí fà. Wá fi epo tí ọkọ̀ rẹ ń jẹ fún kìlómítà 100 ní ọjọ́ tó burú jù pín in, ọjọ́ òjò, ọjọ́ eré, ọjọ́ ẹrù. Má fi ti ọjọ́ tó dára pín in. Iye tó bá jáde, sọ ọ́ di ìlọ́po 100 kó lè di kìlómítà, kó o wá dá a sí méjì. Ìdajì yẹn ni tìrẹ.

Aláàánú Ojú Ọ̀nà

Kò sí ẹni tó tíì sọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe bí epo bá tán tán. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi, mo sì ṣi ohun méjì ṣe, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó má baà ṣe yín.

Nígbà tó ṣẹlẹ̀, ọkọ̀ kò dákẹ́ lójijì bí ti àtijọ́. Ó kàn rọ̀ ni. Mo tẹ tọ́rótù, kò dáhùn bó ṣe máa ń dáhùn, iná pupa onígun mẹ́ta sì yọ síwájú mi. Ohun tí bátìrì ń sọ fún yín nígbà yẹn ni pé: mo lè gbé ọ kúrò lójú ọ̀nà. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tó yẹ kẹ́ ẹ gbé fún un nìyẹn. Ẹ tan iná ìkìlọ̀ tó ń ṣẹ́jú lọ́tùn-ún lósì, ẹ rọra yà sẹ́bàá ọ̀nà, ẹ dúró. Ẹ má pa ọkọ̀ nígbà tó ṣì ń rìn, torí sítíárìn ń lo iná, yóò le lọ́wọ́ yín. Bó bá dúró tán, ẹ fi sí P, kẹ́ ẹ wá pa á kí ìwọ̀nba bátìrì tó kù má baà ṣòfò. Àṣìṣe mi àkọ́kọ́ ni pé mo fi sí N, mo tan fìtílà àti amúlétutù, mo jókòó sínú rẹ̀ ń dúró de ìrànlọ́wọ́. Lórí N, ọkọ̀ wọ̀nyí kì í ṣáàjì bátìrì rárá, ẹ́ńjìnnì ì báà máa ṣiṣẹ́.

Àṣìṣe kejì ni ti epo. Ìgò epo méjì ni ẹni tó ràn mí lọ́wọ́ gbé wá, kò tó líta 3, ìdagẹ̀rẹ̀ sì ni mo wà. Ike inú táǹkì ò gbéra, kọ̀ǹpútà ò gbà pé epo ti dé. Ìgbà tí kẹ́ẹ̀gì líta 10 dé ni ó tó jí, kò sì jí lẹ́ẹ̀kan náà, pọ́ǹpù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fa epo náà dé iwájú. Ẹ ní sùúrù láàárín ìgbìyànjú kan sí èkejì, ẹ má máa tẹ bọ́tìnnì léraléra, torí bátìrì ńlá ni ẹ ń ná.

Bí kò bá jí, tí wọ́n sì fẹ́ wọ́ ọ, ẹ má jẹ́ kí táyà iwájú kan ilẹ̀ bó bá jẹ́ pé iwájú ló ń fi rìn. Ẹ̀rọ iná inú gíà á máa yí, á máa pèsè iná tí kò sẹ́ni tó fẹ́, ó sì lè jóná. Ọkọ̀ agbọ́kọ̀ tó máa gbé gbogbo rẹ̀ sórí ni kẹ́ ẹ pè.

Ẹ má sì gbé epo sínú búùtù kiri nítorí ìbẹ̀rù. Òórùn rẹ̀ á wọ inú ọkọ̀ bá àwọn ọmọ yín. Kẹ́ẹ̀gì òfìfo tó mọ́, tí wọ́n ṣe fún epo, pẹ̀lú àrọ kan, ó tó.

Ọmọ Awakọ̀

Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Ìyá, mo dọ̀bálẹ̀. Mo ṣe ìṣirò yín lórí ọkọ̀ mi láàárọ̀ yìí pẹ̀lú àwọn rísíìtì tí mo ní nílé. Kìlómítà 50 tí mo máa ń fọ́nnu lé lórí, tí mo bá fi ti ọjọ́ eré pín in, 28 ló jáde, kí n tó dá a sí méjì rárá. Mi ò mọ̀ pé etí bèbè ni mo ti ń rìn látọdún yìí wá. Arábìnrin, ẹ má tẹ̀ lé tèmi.

Arìnrìnàjò Òru

Ẹ̀yin ará, mo padà dé. Ó tó ọ̀sẹ̀ méje kí n tó rí ẹ̀ẹ̀mẹta náà ṣe, torí ọkọ̀ yìí kì í tètè jẹ epo tán, ìyẹn náà sì jẹ́ ohun ọpẹ́.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí iná tàn, líta 41.2 ló gbà. Ìgbà kejì, 41.7. Ìgbà kẹta, 40.9. Mo mú 41.7, mo yọ ọ́ nínú 50, ó ku 8.3. Mo yọ 2, ó ku 6.3. Ọjọ́ tí òjò pa wá lójú ọ̀nà márosẹ̀ tí ẹrù kún búùtù, líta 7 ni ọkọ̀ jẹ fún kìlómítà 100, òun ni mo fi pín in. Ó jáde sí 90. Mo dá a sí méjì.

Mo kọ 45 sára pépà pélébé kan, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ géèjì. Láàárọ̀ àná, ọmọ mi obìnrin bi mí pé kí ni 45 ń ṣe níbẹ̀. Mo ṣàlàyé fún un títí a fi dé ilé ìwé. Nígbà tí mo lọ mú un lọ́sàn-án, ó kọ́kọ́ tẹjú mọ́ géèjì kó tó kí mi.